Nígbà Tí Ẹ̀rọ Bá Dákẹ́ Ni Kí O Bẹ̀rù Rẹ̀

"Up NEPA!" Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti pa orúkọ NEPA, ilé iṣẹ́ iná ìjọba, rẹ́. PHCN tó gbapò rẹ̀ náà ti kógbá sílé, láti ọdún 2013 sì ni ilé iṣẹ́ aládàáni BEDC, tó fi ìlú Benin ṣe ibùjókòó, ti ń pín iná fún wa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Síbẹ̀, bí iná bá dé lójijì lọ́sàn-án gangan, NEPA náà ni àwọn ọmọdé ń kígbe láti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ títí dé Òkè-Lísà ní Oǹdó. Ìyá olómi tútù á yọ̀, onígbàjámọ̀ á sáré gbé kílípà rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló máa ń bá wọn yọ̀ sí ariwo yìí, àfi ẹnì kan ṣoṣo: ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti sọ. Iná lọ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Pákó há sẹ́nu ayùn, tàbí gbágùúdá dí ẹnu ẹ̀rọ gàrí, tàbí ìfọ́ irin lọ́ mọ́ ẹnu léètì. Ibi gbogbo dákẹ́. Ọmọ iṣẹ́ wá rò ó pé àsìkò tó dára jù láti tún ibẹ̀ ṣe rèé, kí ọ̀gá tó dé. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó ń yọ èyí tó há, ó ń gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò, ó ń fún nọ́ọ̀tì kan le. Kò rántí ṣíwíìṣì tó wà lára òpó, nítorí kò sẹ́ni tó pa á. Iná tó lọ ló pa ẹ̀rọ, ènìyàn kọ́. Ṣíwíìṣì ṣì wà níbi tí wọ́n gbé e sí láti òwúrọ̀. Bí iná bá sì dé, kò ní kan ilẹ̀kùn, kò ní béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà nínú ilé.

Ẹ̀rọ tó ń ké máa ń lé ènìyàn sẹ́yìn. Ariwo rẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń ti ibẹ̀ jáde, ìmìtìtì ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń sọ pé kí o ṣọ́ra. Èyí tó dákẹ́ ló ń pe ènìyàn mọ́ra. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìka tó gé nídìí iṣẹ́, ojú ayùn tó ń yí wìnnìwìnnì la máa ń rí lọ́kàn, a sì máa ń gbàgbé àkókò títún nǹkan ṣe, àkókò ìgbálẹ̀, àkókò tí bẹ́líìtì já, àkókò tí iná lọ. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ yìí dun àwa ará ìpínlẹ̀ Oǹdó ju ẹlòmíràn lọ, torí àwa la ní ilé ìpèsè iná ńlá ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ó, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa, tí a sì tún ń ka iye ìgbà tí iná ń lọ lójúmọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.

Oògùn iná tó dé lójijì ti wà tipẹ́, kò sì le. Ẹ wo ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó bá wá láti òkè òkun. Ẹ óò rí bọ́tìnnì méjì lára rẹ̀, ọ̀kan àwọ̀ ewé, ọ̀kan pupa. Lẹ́yìn bọ́tìnnì yẹn ni ohun tí àwọn oníná ń pè ní kọ́ńtákítọ̀ wà. Kọ́ìlì kan wà nínú rẹ̀ tí iná fúnra rẹ̀ ń fún lágbára láti di ṣíwíìṣì mú. Bí iná bá lọ, agbára kọ́ìlì tán, ó jọ̀wọ́ ṣíwíìṣì náà sílẹ̀. Bí iná bá padà dé, ẹ̀rọ ò ní mira títí ènìyàn á fi fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì àwọ̀ ewé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀, kò sí idán.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ sí i lọ́dọ̀ wa? Léètì tòkúnbọ̀ á dé pẹ̀lú bọ́tìnnì rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, kọ́ìlì á jóná, torí iná wa ń lọ sókè sódò. Wọ́n á pe oníná. Oníná á wò ó, á ní ohun tuntun wọ́n, á ní òun lè sọ ọ́ di dáírẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá á ní kó sọ ọ́ di dáírẹ́ẹ̀tì. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ṣíwíìṣì ọlọ́wọ́ kan lára ògiri ló kù, èyí tó jẹ́ pé bí o bá gbé e sókè, òkè ni yóò wà, ìbáà jẹ́ pé iná lọ, ìbáà jẹ́ pé iná dé. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ni ìka ti gé. Ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ṣàn wulẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí a rí i ni.

Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò ṣàjèjì ní agbègbè yìí. Igbó ọba Àkúrẹ́, ti Ìdànrè àti ti Olúwa ti ń bọ́ sọ́mìlì láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, gẹdú láti ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ti kọ́ ilé káàkiri Nàìjíríà. Ní Oǹdó gan-an ni wọ́n dá NIROWI sílẹ̀ láàárín ọdún 1970 sí 1979, ilé iṣẹ́ igi tí Nàìjíríà àti orílẹ̀-èdè Romania jọ pawọ́ pọ̀ ṣe. Irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, ó ní ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ òṣìṣẹ́ sí, ó sì ní ibi tí olùbẹ̀wò ìjọba lè kàn sí. Ilé iṣẹ́ náà ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ ńlá bá kú, iṣẹ́ igi kì í bá a kú. Ó kàn ń bọ́ sábẹ́ páànù lẹ́bàá títì ni. Ayùn rìbìtì kan, mọ́tò kan, ọ̀gá kan, ọmọ iṣẹ́ mélòó kan. Kò sí olùbẹ̀wò tó mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀.

Abẹ́ páànù yẹn ni wọ́n ti ń dárúkọ Ògún. Bí ẹ̀rọ bá gé ènìyàn, ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ń jáde ni pé Ògún bínú, pé ó pẹ́ tí wọ́n ti bọ ọ́ kẹ́yìn, pé ẹbí ọmọ náà ní ohun tí wọn kò ṣe. Èmi kò fi Ògún ṣeré. Ọdún Ògún jẹ́ ọdún pàtàkì ní Oǹdó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Jacob Olúpọ̀nà sì ti kọ nípa rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọdún ìlú yòókù nínú ìwé ńlá tó gbé jáde lọ́dún 1991. Nínú ilé ẹjọ́ wa, ẹni tó bá jẹ́ oníṣẹ̀ṣe ṣì ń fi irin búra títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo àwọn tí wọ́n bá Ògún gbé jù, ìyẹn àwọn alágbẹ̀dẹ. Ta ni ó rí alágbẹ̀dẹ tó fi ọwọ́ lásán yọ irin nínú iná? Ẹ̀mú ló fi ń mú un. Ọmọ tó ń fẹ́ ẹwìrì kì í jókòó síwájú òòlù. Kí wọ́n tó kó irin kan wọ inú iná, olúkúlùkù ti mọ ibi tí yóò dúró sí. Ìlànà tó wà nílé àrọ nìyẹn kí òyìnbó tó dé, kò sì sí alágbẹ̀dẹ tó máa pa ẹ̀mú tì, kó wá ní Ògún ló jó òun lọ́wọ́. Irin tuntun la gbà, ẹ̀mú tó yẹ kó bá a wá ni a ò gbà. Kí a má wá di ẹ̀bi rẹ̀ ru òrìṣà.

Ẹ jẹ́ ká gbé léètì yẹ̀ wò, torí òun ni olórí ẹ̀rọ nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn tọ́nà, ìyẹn àwọn tó ń fá irin. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń yí irin, ọ̀bẹ rẹ̀ sì ń fá a bí irin bá ti ń yí. Ká ní ó ń yí ní ìgbà 1,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ìyẹn ju ìgbà 16 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí irin tó wà lẹ́nu rẹ̀ bá nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 5, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan, á fa ohunkóhun tó bá lọ́ mọ́ ọn wọlé ní bíi sẹ̀ǹtímítà 16. Ara ènìyàn, bó ti wù kó yá tó, máa ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kó tó fèsì sí ohun tó dé bá a lójijì. Kí ọpọlọ tó sọ pé "fa ọwọ́ rẹ," irin yẹn ti yí ní ìgbà mẹ́rin, ó sì ti fa bíi sẹ̀ǹtímítà 65 wọlé. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gbogbo apá. Ẹni tó bá ní òun yóò tètè já ọwọ́ òun gbà kò tíì ṣe ìṣirò yìí.

Nítorí rẹ̀ ni ohun tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu fi jẹ́ òtítọ́: nídìí léètì àti ẹ̀rọ ìlu-irin, ìbọ̀wọ́ kì í ṣe ààbò. Ikú ọwọ́ ni. Ìka tí kò wọ nǹkan lè kan irin tó ń yí kó bó, kó ṣẹ̀jẹ̀, kó sì yọ. Ìbọ̀wọ́ kì í yọ. Okùn rẹ̀ á kọ́ irin, irin á sì fa ìbọ̀wọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀wù alápá gbọọrọ, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn, àti òrùka ìgbéyàwó. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò ní fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n bọ́ òrùka kí wọ́n tó wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó ilé yóò béèrè. Kí wọ́n sọ fún un pé òrùka tó bá kọ́ ẹ̀rọ kì í gé ìka nìkan, ó máa ń bó awọ àti ẹran kúrò lára eegun. Yóò fọwọ́ sí i. Ibi tí ìbọ̀wọ́ ti wúlò ni ibi gbígbé páànù, ibi jíjó irin, àti ibi kíkó ìfọ́ irin lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ̀rọ. Ìfọ́ tó bá lọ́ mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ìkọ́ tàbí búrọ́ọ̀ṣì ni kí a fi yọ ọ́. Òmíràn tó máa ń ṣèpalára ni kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń fún ẹnu léètì mú irin. Wọ́n á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, wọ́n á tan ẹ̀rọ, á sì fò bí òkò. Àwọn àgbà tọ́nà ní òfin kan lórí rẹ̀: ọwọ́ kì í kúrò lára kọ́kọ́rọ́ yẹn àfi tí kọ́kọ́rọ́ bá ti kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ.

Ti gíráíńdà ọlọ́wọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Kékeré rẹ̀ ń yí tó ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ike tàbí irin tó bo ìdajì díísìkì rẹ̀ ni àwọn jórinjórin kọ́kọ́ ń tú dànù, torí kì í jẹ́ kí díísìkì ńlá wọ̀ ọ́. Díísìkì ńlá tó fẹ̀ ní mílímítà 230 ni wọ́n ṣe pé kó má yí ju nǹkan bí ìgbà 6,600 lọ, iye náà sì wà lára rẹ̀ ní kíkọ. Bí wọ́n bá gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń yí ní 11,000, ó lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ nígbàkígbà. Àwọn káfíńtà tún wá kó tiwọn dé, àwọn tó ń fi ayùn eléyín igi sórí gíráíńdà yìí. Mi ò ní sọ̀rọ̀ yí i ká. Ẹni tó bá ń ṣe é kí ó dẹ́kun lónìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan ènìyàn púpọ̀ jù kì í tilẹ̀ ṣe ṣọ́ọ̀bù àwọn ọkùnrin. Ibùdó gàrí ni, àti ìdí ẹ̀rọ ata. Àwọn jórinjórin Àkúrẹ́ àti Oǹdó ló ń ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀rọ tí àwọn ìyá wa fi ń rin gbágùúdá. Ẹ lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ẹ óò kan sáárá sí wọn. Wọ́n á fi ìṣó dá ihò sí páànù lára jákèjádò, wọ́n á yí i mọ́ igi rìbìtì kan kí ẹnu ihò tó mú lè kọjú síta, wọ́n á gbé e sórí bẹ́ríìnì, wọ́n á jó ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i, wọ́n á so bẹ́líìtì mọ́ ẹ̀ńjìnnì Lister tàbí mọ́tò iná. Irin tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ bí pàǹtí ni wọ́n sọ di oúnjẹ ìlú. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, kò sì sí yunifásítì tó kọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Ibo ni ohun tó bo bẹ́líìtì wà? Kò sí. Báwo ni ẹnu tí wọ́n ń da gbágùúdá sí ṣe jìn tó? Kò jìn, nítorí náà ọwọ́ ìyá tó ń ti gbágùúdá wọlé lè kan páànù eléyín yẹn láìnawọ́. Kí ni ìyá náà fi ń tì í nígbà tó kù díẹ̀ kó tán? Àtẹ́lẹwọ́. Ìró ńkọ́, ìborùn ńkọ́, èyí tó rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́líìtì bó bá bẹ̀rẹ̀? Ìyá oníbọ́ọ̀lù ata tó dúró ti ẹ̀rọ nínú èrò ọjà ńkọ́, pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, tí ọmọ sì ń na ọwọ́? Ẹ̀ńjìnnì Lister kò nílò NEPA, ṣùgbọ́n òun náà ní tirẹ̀: bí wọ́n bá ń fi ọwọ́ yí i kó lè tan, ó máa ń ta padà, irin tí wọ́n fi ń yí i yẹn sì ti ṣẹ́ ọrùn ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Ìbòrí bẹ́líìtì kì í ṣe nǹkan kan. Àjákù páànù tí wọ́n gé kúrò lára ẹ̀rọ kan náà tó láti fi ṣe é. Igi kan tó gùn bí apá, tí wọ́n gbẹ́ ìdí rẹ̀ pẹlẹbẹ, tó láti máa ti gbágùúdá wọlé. Kí ẹnu ibi tí gbágùúdá ń gbà wọlé jìn ju apá ènìyàn lọ, páànù díẹ̀ péré ló tún kù. Ìdí tí wọn kì í fi ṣe é kò ju pé oníbàárà kò béèrè fún un, ẹni tó sì fi í síbẹ̀ yóò ta ẹ̀rọ tirẹ̀ ní owó tó ga díẹ̀ ju ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjà ló ń dájọ́ lórí ìka, ó sì ń dá a ní owó pọ́ọ́kú.

Ní Britain náà, ọjà ló kọ́kọ́ ń dájọ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ìhunṣọ gba gbogbo ìlú wọn, ọmọdé ló ń gbá abẹ́ ẹ̀rọ tó ń yí, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ sì ń sọ pé àìfọkànsí ọmọ ló ń gé e lọ́wọ́. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1844 ló kọ́kọ́ fi dandan lé e pé kí wọ́n fi ọgbà yí ẹ̀rọ ká. Kì í ṣe pé ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń fọkàn sí i. Ẹ̀rọ ni wọ́n bò. Tiwa náà ti ní òfin. Òfin ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ láti ọdún 1987 sọ pé gbogbo ibi tó léwu lára ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ ní ìbòrí tó dúró dáadáa níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń yí. Òfin iṣẹ́ ọdún 1974 sì sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 kò gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ rárá. Ẹ ka èyí kejì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ wá lọ wo ojú ọmọ iṣẹ́ tó ń di ẹnu pákó mú lódìkejì ayùn.

Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni mo fẹ́ kí a dúró lé. Ọmọ iṣẹ́ ló ń gbálẹ̀, òun ló ń yọ èyí tó há, òun ló ń tún bẹ́líìtì fi kọ́. Gbogbo iṣẹ́ tí a ń ṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá dákẹ́, tirẹ̀ ni. Òun ni kò sì lè sọ pé "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pa ṣíwíìṣì," nígbà tí ọ̀gá bá ń pariwo pé kó ṣe kíá. Bó bá gé ìka, ọ̀gá á gbé e lọ sí kẹ́mísìtì, á san owó abẹ́rẹ́, á bẹ bàbá rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í ṣe ìkà. Àwọn náà ní àpá lọ́wọ́, ẹlòmíràn nínú wọn a sì máa fi àpá yẹn yangàn pé òun fi kọ́ṣẹ́. Bàbá ọmọ á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọmọ á ṣe fíríìdọ̀mù lọ́jọ́ tó yẹ, á wọ aṣọ tuntun, á sì fi ọwọ́ tó kù gba ìwé ẹ̀rí.

Ohun tí bàbá àti ọmọ kò mọ̀ ni pé òfin mọ ọmọ iṣẹ́. Òfin tó wà fún owó gbà-máà-bínú òṣìṣẹ́, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lópin ọdún 2010, ka ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ó ka ẹni tí wọ́n fi ẹnu lásán gbà síṣẹ́ mọ́ ọn, láìsí ìwé. Ó tún dárúkọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ kéékèèké tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NSITF ló ń bójú tó owó náà. Ọ̀gá ni yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́, kò sì gbọ́dọ̀ yọ kọ́bọ̀ lára owó òṣìṣẹ́ láti fi san án. Bí ẹnì kan bá fara pa, ọjọ́ 14 ló ní láti sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá sì ní ọjọ́ 7 láti fi tó NSITF létí. Ọ̀gá tó bá ń san díẹ̀díẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní ta ilẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ayùn bá gé ọmọ ọlọ́mọ. Ọ̀rọ̀ tó dáa gan-an ni lórí ìwé. Ọ̀nà tó ti inú ìwé yẹn dé abẹ́ páànù ni kò sí, àwọn tí ìjọba ń sanwó fún ló sì yẹ kí wọ́n là á. Ẹgbẹ́ jórinjórin, ẹgbẹ́ káfíńtà àti ẹgbẹ́ àwọn tọ́nà ní ọjọ́ ìpàdé tí gbogbo ìlú mọ̀. Kí NSITF lọ bá wọn níbẹ̀, kí wọ́n fi Yorùbá ṣàlàyé, kí wọ́n sì mú fọ́ọ̀mù dání.

Bó bá wá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Ní oṣù Kìíní ọdún 1963, ẹ̀rọ tí ń lu irin gé ọwọ́ ọ̀tún òṣìṣẹ́ kan ní Shanghai bọ́ sílẹ̀. Dókítà Chen Zhongwei àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ so ó padà, ọkùnrin náà sì tún fi ọwọ́ yẹn ṣiṣẹ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, àwọn dókítà Komatsu àti Tamai so àtàǹpàkò tó gé pátápátá padà ní Nara, ní Japan. Mi ò sọ èyí láti fi tan ẹnikẹ́ni pé gbogbo ìka tó bá gé ní agbègbè wa ni wọ́n lè so padà. Mo sọ ọ́ torí pé àwọn méjèèjì tó fara pa yìí ní ohun kan tí àwọn tiwa kì í sábà ní: ẹ̀yà ara tó gé bá wọn dé ilé ìwòsàn. Tiwa, inú ìyẹ̀fun pákó ló máa ń wà, tàbí kí wọ́n ti sin ín.

Ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gidigidi, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè. Ẹ má da epo ẹ̀ńjìnnì sí i, ẹ má da pẹtiróòlù sí i, ẹ má bu eérú sí i. Ẹ wá ìka tó gé. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ rẹ sínú omi mímọ́ tí ẹ sì fún wé e, ẹ kó o sínú ọ̀rá, ẹ di ẹnu ọ̀rá náà pa. Omi inú ọ̀rá tó ti di yìnyín wà lọ́wọ́ olómi tútù ní gbogbo ìkóríta Àkúrẹ́ àti Oǹdó. Ẹ kó ọ̀rá ìka yẹn sáàárín rẹ̀. Kí ìka má fara kan yìnyín fúnra rẹ̀, torí yìnyín á pa á, ẹ má sì rẹ ẹ́ sínú omi tàbí sípíríìtì. Ìka tó wà nínú òtútù báyìí lè ní ìrètí títí di wákàtí 24. Odidi ọwọ́ tó gé kò ní tó bẹ́ẹ̀, torí ẹran ara rẹ̀ pọ̀. Wákàtí bíi mẹ́fà ni tirẹ̀ bí kò bá sí òtútù. Ilé ìwòsàn gidi ni kí ẹ gbà lọ. Ní Oǹdó, ilé ìwòsàn fún àwọn tó fara pa wà ní Làjẹ́, èyí tí ìjọba gómìnà tẹ́lẹ̀ rí, Olúṣẹ́gun Mímikò, kọ́, abẹ́ ilé ìwòsàn yunifásítì UNIMED ló sì wà báyìí, UNIMED náà sì ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́. Kódà bí wọn kò bá lè so ìka padà, wọ́n á fọ ọgbẹ́, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n á so iṣan tó já kí ìka yòókù má bàa ká kò. Mo bọ̀wọ̀ fún teguntegun nínú ohun tó mọ̀. Ṣùgbọ́n eegun tó ti yọ síta pẹ̀lú ọgbẹ́, tí wọ́n wá fi igi pẹlẹbẹ dì pinpin, a máa jẹrà, ọwọ́ tí ìka kan bá kúrò lára rẹ̀ a sì di ọwọ́ tí wọ́n gé.

Kí ọ̀rọ̀ tó di ti ilé ìwòsàn, àwọn tó lè ràn wá lọ́wọ́ láti dènà rẹ̀ kò jìnnà. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, wà ní Àkúrẹ́ láti ọdún 1981. EMDI, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ohun èlò ẹ̀rọ, wà ní Àkúrẹ́ bákan náà. Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ ń kọ ìwé nípa ẹ̀rọ gàrí tó dára jù, tó yára jù, tó ń rin gbágùúdá púpọ̀ jù ní wákàtí kan. Yóò wù mí kí ẹnì kan nínú wọn ya àwòrán ìbòrí bẹ́líìtì kan ṣoṣo, tí ọmọ jórinjórin lè fi àjákù páànù ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí wọ́n sì pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a dúró dè wọ́n. Ìwọ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ gàrí tàbí ẹ̀rọ ata ní Àkúrẹ́ tàbí ní Oǹdó, má tíì san owó tó kù. Bi ẹni tó ṣe é pé ibo ni ìbòrí bẹ́líìtì wà. Na apá rẹ sí ẹnu rẹ̀ nígbà tí kò so mọ́ iná tàbí ẹ̀ńjìnnì, kí o wò ó bóyá ìka rẹ kan páànù eléyín. Bó bá kàn án, ní kó fi kún un. Bó bá jẹ́ mọ́tò iná ni, ní kó fi bọ́tìnnì aláwọ̀ ewé àti pupa sí i. Bó bá ní kò sẹ́ni tó ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, sọ fún un pé ìwọ ti béèrè.